Ilé Onítáyà Bàbá Ṣìmí

Àǹtí Margaret, ará ilé kejì wọn ní Mushin, ló kọ́kọ́ sọ fún Motúnráyọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti so ilé kékeré onítáyà, tí wọ́n máa ń fà lọ sùn sí ọgbà ẹranko ìjọba, mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Láti ìgbà tí Ṣìmí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti kú, wọn ò fà á síta mọ́. Motúnráyọ̀ gbé ẹní, ó ki eré mọ́lẹ̀.

"Bàbá Ṣìmí, ẹ dúró dè mí!"

"Èmi nìkan ni mò ń lọ. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ibi tó ti ṣeré kẹ́yìn ni mo fẹ́ lọ sunkún sí."

"Èmi ńkọ́? Ṣebí èmi ni mo bí i?"

"Ojú rẹ gan-an ló ní. Mi ò lè máa wò ó níbẹ̀."

Ó wọ mọ́tò, ó lọ, kò bojú wẹ̀yìn.