Kùkùté Inú Oko Ọsàn

Ẹnu Jìbírílù ló kó bá Fàlílù. Bí ó bá ti sọ pé òun kò tíì mọ ohun tó ń ṣe katakata kékeré náà, ta ni ìbá bú u? Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì wo ló máa ń gbà pé òun kò mọ̀, níwájú àwọn tó ń pè é ní ọ̀gá? Lọ́jọ́ Àtàlátà tí wọ́n bá ọ́ìlì nílẹ̀ lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, tí Bàbá Àjàlá, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ìjù, béèrè ohun tó fà á, Jìbírílù bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó dájú pé awakọ̀ ti lọ kọlu kùkùté, pé irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti wọ́, awọ tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú sì ti ya.

Awakọ̀ ọ̀hún ni Fàlílù, ọkọ Mùíbátù, àbúrò Jìbírílù obìnrin. Kí Jìbírílù tó rántí èyí, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó.

Ìjọba ló yá ẹgbẹ́ ní katakata náà, kí wọ́n máa fi ro àárín igi ọsàn. Òyìnbó tó ń ṣe ọ̀gá ọ̀rọ̀ oko ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ní Sátidé. Bó bá bá ọ́ìlì nílẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn ará Ìlaròó. Bàbá Àjàlá wá pàṣẹ méjì: kí Jìbírílù tún un ṣe kí Sátidé tó pé, kí Fàlílù sì kó kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́ tó ń gbé lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí awakọ̀ tó ń fi ohun ìjọba kọ kùkùté kò ní gùn ún mọ́. Fàlílù búra pé òun kò kan kùkùté kankan, pé ọwọ́ òun yìí lòun fi hú gbogbo èyí tó wà nínú oko náà. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ l'Ékòó ti sọ tirẹ̀. Oyún Mùíbátù sì ti wọ oṣù kẹjọ.

Jìbírílù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárọ̀ Àlàrùbá. Kò sí irú awọ rọ́bà bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń rán an wá. Ó lọ bá ẹni tó ń rán bàtà, ó gé awọ màlúù róbótó, ó rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì títí ó fi rọ̀. Nígbà tó yọ irin ẹsẹ̀ síta láti fi awọ náà sí i, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i, ó tún un yí. Irin náà gún régé. Kò wọ́ rárá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bóyá òun kò wò ó dáadáa ni.

Bí ẹ̀rọ náà bá tutù, kò ní jo. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ọ́ìlì á tún bẹ̀rẹ̀ sí kán. Ó pààrọ̀ awọ náà ní Àlàmísì, bákan náà ló rí. Lórí ìrun Àsárì, ó gbàgbé iye rákà tó ti kí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù Òyìnbó ń bà á, ẹ̀rù àbúrò rẹ̀ sì ń bà á ju ti Òyìnbó lọ. Nígbà tí Mùíbátù gbé ẹ̀kọ wá fún un, tó rọra bi í bóyá ó fi ojú ara rẹ̀ rí kùkùté náà, ó jágbe mọ́ ọn pé obìnrin kò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó tan ẹ̀rọ náà títí ó fi gbóná, ó wá kúnlẹ̀ láti tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Kò tíì tú u tán tí atẹ́gùn fi ya jáde fùú, tí ọ́ìlì gbígbóná sì ta sí i lọ́rùn ọwọ́. Jìbírílù ta gìrì. Ìkòkò tí wọ́n dé pinpin lórí iná ni a ń rí tó ń ṣe báyìí. Ibo ló yẹ kí àpótí irin yìí máa gbà mí? Ó fi ìṣó ha ìdọ̀tí orí àpótí náà. Ìṣó náà rì sínú nǹkan rírọ̀. Ìda oyin ni, tí wọ́n pò mọ́ òwú.

Kò ní láti béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló wá yẹ katakata náà wò, tó rí ihò kékeré kan lórí gíábọ́ọ̀sì tí kò ní ìdérí. Nílé ìyá rẹ̀, wọn kì í ṣí ìkòkò epo sílẹ̀ kí eruku máa rọ̀ sí i. Ó dí ihò náà pa, inú rẹ̀ sì dùn pé òun mọ̀ ju ẹni tó ṣe ẹ̀rọ lọ. Ọgbọ́n àgbọ́njù!

Ó yọ ìda náà, ó fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ bo ihò náà, ó sì wa ẹ̀rọ fún wákàtí kan gbáko. Ọ́ìlì kò kán. Ó yẹ kí ó yọ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni ó mú ìda náà, tó ń wò ó. Kò sí ẹni tó rí i. Bó bá sọ ìda náà sígbó, awọ màlúù rẹ̀ ni gbogbo ayé yóò máa yìn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Àjàlá àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé, wọ́n wo ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n yin Jìbírílù. Fàlílù ti kó ẹrù rẹ̀ síta, Mùíbátù sì jókòó lórí àpótí aṣọ rẹ̀. Jìbírílù wá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n foríji àna òun. Àbí ẹ ò rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ẹni tó jẹ̀bi ló ń bẹ̀bẹ̀ fún aláìṣẹ̀. Bàbá Àjàlá ní òun gbà, bí Fàlílù bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kọ kùkùté.

"Bàbá, mi ò lè jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe," ni Fàlílù wí.

Gbogbo wọn yíjú sí Jìbírílù, kí ó bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wo ikùn àbúrò rẹ̀, ojú tì í dọ́kàn.

"Kò sí kùkùté kankan," ni ó wí. "Èmi ni mo fi ìda dí ihò tí ẹ̀rọ náà fi ń mí. Atẹ́gùn tí kò rọ́nà jáde ló ń ti ọ́ìlì síta."

Bàbá Àjàlá ní kí Fàlílù kó ẹrù rẹ̀ wọlé. Ó ní kí Jìbírílù kó sípánà rẹ̀ máa lọ, pé ẹgbẹ́ yóò wá mẹkáníìkì mìíràn. Fàlílù gbé ẹní rẹ̀, ó gba iwájú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kọjá, kò sì kí i.

Mùíbátù ló dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé kò kọ kùkùté?"

Ó lè sọ pé àárọ̀ yìí ni. Ó sì rántí irin tó gún régé lójú oòrùn.

"Láti Àlàrùbá," ni ó dáhùn.

Jìbírílù nawọ́ láti bá a gbé àpótí náà. Mùíbátù gbé e fúnra rẹ̀, tòun ti oyún, ó sì wọlé.