Ohùn Tó Ṣí Páànù Lórí Ilé

Màmá, ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Oorun ọ̀sán yìí ni mo sùn tí mo lálàá pé a ti dé ọsibítù tí wọ́n ti fẹ́ yẹ etí Àṣàkẹ́ wò lọ́la. Nọ́ọ̀sì kan lẹ wáyà mọ́ ọmọ náà níwájú orí àti lẹ́yìn etí, ó ní kó máa sùn lọ, pé ọpọlọ rẹ̀ ló máa dá ẹ̀rọ lóhùn. Bó bá ti gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde, ìlà ojú ẹ̀rọ á gbọ̀n. Ìlà náà ò gbọ̀n. Ó nà gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ.

Mo ní, "Ẹ fi kún ohùn náà." Ó fi kún un, gíláàsì fèrèsé fọ́. Mo ní kó tún fi kún un, páànù ṣí lórí ilé, àwọn aláboyún tó wà níta di etí wọn mú, wọ́n ń sá lọ. Omi kan tí mi ò mọ ibi tó ti wá ti mù wá dé orókùn. Àṣàkẹ́ léfòó lórí rẹ̀, ó ń sùn. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó." Mo ní kò tíì tó. Mo ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo yí ẹ̀rọ náà dópin fúnra mi, mo sì fi gbogbo agbára mi pariwo orúkọ ọmọ mi.

Igbe yẹn ló jí mi, òun náà ló mú yín sáré wá láti ilé ìdáná. Ẹ wo bí Àṣàkẹ́ ṣe sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò tiẹ̀ mira.