“Ìwọ” Tó Pe Ìyá Mi

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìyá mi ló kó o. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi gbálẹ̀ ọ́fíìsì Castelroux ní Paris, nígbà tí ọkùnrin náà jẹ́ aṣòfin Faransé tí gbogbo rédíò ń pe orúkọ rẹ̀. Èdè Faransé bá tiwa mu níbì kan: tu ni ìwọ, vous ni ẹ̀yin. Castelroux kéré sí ìyá mi ní ogún ọdún, tu ló sì ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rọra sọ fún un pé, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi vous pè mí.” Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí ìyá mi má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Houston níbí ni wọ́n kú sí mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú. Mo kórìíra ọkùnrin náà. N kò ní fi bò.

Ọdún méjìdínlógún ló fi jókòó nílé aṣòfin kí àwọn ará ìlú rẹ̀ tó fi ìbò lé e. Ló bá rántí pé ìjókòó kan wà fún ẹni tí yóò ṣojú àwọn ọmọ Faransé tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìbò díẹ̀ ló kù kó rí i gbà. Bó ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ní Sharpstown lọ́sàn-án Sátidé kan nìyẹn. Àwa tá a wá láti Pọ́bẹ̀ àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì ní páálí ọmọ onílùú Faransé. Bàbá Adéògún, olórí ìjọ, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ọmọ Ìlaròó ni wọ́n, wọn ò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní ká dìbò fún là ń dìbò fún.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní kóòtù nìyẹn. Castelroux bọ̀ mí lọ́wọ́, kò mọ̀ mí. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ mí? Kò wo ojú ìyá mi rí.

Gbogbo ògbufọ̀ Yorùbá ló ń ṣe màdàrú kékeré kan: bí òyìnbó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, a ó bá a fi “ẹ” sí i, kí ilé má baà dàrú. Èmi náà ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ adájọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo pinnu pé n kò ní tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe. Bó bá sọ vous, ẹ̀yin ni n ó sọ.

Ó dìde, ó fọwọ́ gbá Bàbá léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Tu.

Mo gbé ohùn mi sókè. “Ìwọ Adéògún, ṣé dáadáa lo wà? Wọ́n ní o ti darúgbó, àmọ́ ara rẹ ṣì le. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n dìbò fún mi.”

Ìyá kan ké “Yéè!” Bàbá kọjú sí Dáramọ́lá, akọ̀wé ìjọ, tó kàwé ní Lyon.

“Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?”

Dáramọ́lá wolẹ̀. “Tu ló ní, sà. Ìwọ nìyẹn.”

Bàbá dìde. “Ẹni tó ń fi ìwọ bẹ̀ mí kó tó wọlé, kí ló máa pè mí tó bá wọlé tán? Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé o.” Wọ́n wọ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìjọ sì tẹ̀ lé wọn.

Castelroux sáré bá mi nídìí mọ́tò mi. “Kí lo sọ fún wọn?”

“Ohun tí o sọ ni.” Faransé ni mo fi dá a lóhùn, tu lèmi náà sì pè é.

Ojú rẹ̀ pọ́n. “Vous ni kó o máa pè mí!”

“Bí ìyá mi ṣe bẹ̀ ọ́ nìyẹn. Mọ́pẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ fún ọdún mẹ́fà.”

Ó ronú títí, kò rántí. Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, madame, ẹ bá mi pe Bàbá padà.”

Vous ló pè mí. Wẹ́rẹ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì pa á lára. Inú mi kọ́kọ́ dùn, kó tó wá bàjẹ́, nítorí èmi ló pè ní ẹ̀yin, kì í ṣe ìyá mi. Mọ́tò Bàbá ti gba freeway lọ sí Sugar Land.

“Lọ bẹ̀ wọ́n fúnra rẹ,” mo ní. “Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá mi ni kó o kọ́kọ́ yà, kó o fi vous pè wọ́n.”

Mo júwe ibi tí a sin wọ́n sí fún un, mo wa mọ́tò mi lọ.