Ọtí Tí A Mu Lórí Adéfọlá

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Kumasi. Káfíńtà ni mí ní àdúgbò Anloga níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán mi lọ síléèwé. Ìwé Gíríìkì àlòkù ni mo fi kọ́ ara mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 1954, mo dìde láàárín ìjọ.

"Ẹ̀yin ará, àgbèrè tí ẹ ń kà nínú Bíbélì, porneia ni Pọ́ọ̀lù pè é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aya aláya nìkan. Ẹni tó bá ń bá ẹni tí wọn ò fẹ́ fún un lọ́nà tó tọ́ gbé, ó ti wà nínú rẹ̀!"

Ìjọ ṣe àmín. Bàbá Bákàrè, olórí àwọn alàgbà, kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ. Orí mi wú.

Lọ́dún kejì, àìsàn dá Adéfọlá àbúrò mi dùbúlẹ̀ ní Krofrom, nílé Kwaku ọkọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ Akua ni kí ẹ sin mí sí o."

Akua ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Oṣù mẹ́jọ ló lò láyé, itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì la sin ín sí, kí n tó gbé ọ̀rọ̀ Gíríìkì mi dé.

Adéfọlá kú lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gba ilé Bàbá Bákàrè lọ, láti tọrọ àyè ẹ̀gbẹ́ Akua fún un.

"Kò ṣeé ṣe, Olúṣọlá. Kwaku ò mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò fi òrùka sí i lọ́wọ́. Àgbèrè ni."

"Bàbá, Kwaku gbé tiri nsa wá, ọtí tí àwọn Àṣáńtì fi ń gbéyàwó! Ta ló gbà á? Bàbá wa ti kú, ẹ̀yin lẹ jókòó sípò rẹ̀. Ẹ mu ife méjì, ẹ tún nu irùngbọ̀n. Àbí ọtí àgbèrè lẹ mu ni?"

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Felicia, dáhùn láti ìdí ààrò: "Ife mẹ́ta ni. Èmi ni mo ń bù ú."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé ìjọ síwájú mi.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ta nìyí?"

"Tèmi ni. Ṣebí mo ní lọ́nà tó tọ́! Ọtí yẹn ni ọ̀nà tó tọ́."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò rẹ wà níbẹ̀, gbogbo ojú ló yí sí i. Ìwọ náà rí i. Kí lo sọ?"

Mo rí i lóòótọ́. Ó dorí kodò, ó ń fi ìka ká etí ìborùn rẹ̀. Àmín tí wọ́n ń ṣe fún mi ni mò ń gbọ́. Mo pa ìwé náà dé, mo jáde.

Ọwọ́ mi ni mo fi kan pósí rẹ̀, pákó ìrókò. Àwọn ará ilé Kwaku gbé e lọ sin sábúlé wọn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè òrùka. Olórí ẹbí wọn, arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, da ọtí sílẹ̀, ó ní, "Yɛn yere aba." Ìyàwó wa ti dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, n ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ tu koríko orí ibojì Akua. Àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ṣófo. Mo yọ tépù lápò, mo wọ̀n ọ́n.

Ó gba Adéfọlá dáadáa.