Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Já sí Massè

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ Ṣàngóbíyì kì í kí ará abúlé Massè, ará Massè kì í sì í kí òun náà. Láti ọmọ ọdún méje ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá ọjà ìlú Adja-Ouèrè, ní ilẹ̀ Benin, ló ti ń tún alùpùpù ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n bí alùpùpù ará Massè bá kú síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, onítọ̀hún á kúkú máa tì í lọ nínú oòrùn ju kí ọmọ Ajákọ̀lulẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Orúkọ tí wọ́n sọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó fà á rèé.

Lọ́dún 1988, ilé-iṣẹ́ kan mú ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wá, oníjòkòó kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ń fín oògùn kòkòrò sórí oko ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn Massè. Òyìnbó kan ló ń wà á. Ojú ọ̀nà amọ̀ pupa kan tí wọ́n tẹ́ ló ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ló sì ń bà sí. Oògùn náà kò mọ ààlà. Atẹ́gùn gbé e dé oko ẹ̀wà Ṣàngóbíyì, ẹ̀wà náà sì gbẹ lórí ìdúró. Ṣàngóbíyì fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò dá a lóhùn. Ló bá wọ ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó sọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ dúró sójú ọ̀nà náà, ó nàka sí ọkọ̀ òfuurufú, ó ní ohun tó bá lọ sókè, ilẹ̀ ni yóò bọ̀. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nínú àwọn tó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ojú ọ̀run ṣú, òjò ń bọ̀. Ọkọ̀ náà gbéra. Kò tíì kọjá orí ọ̀pẹ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, tó wúkọ́ tó wúkọ́ tó sì dákẹ́. Awakọ̀ náà fẹ́ yí i padà, ó dẹ̀gbẹ́, ó já. Orí ọ̀pẹ tí Abọ́dúndé akọpẹ wà pẹ̀lú igbà nídìí ló já sí. Abọ́dúndé kú, òyìnbó náà kú. Iná ṣì ń jó lọ́wọ́ tí àrá fi sán.

Àrá yẹn ni ẹ̀rí tí àwọn ará Massè ń wá. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n wó ilé Ṣàngóbíyì, ojú gbogbo wọn hàn kedere, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni. Wọ́n gba oko rẹ̀, wọ́n fi fún ilé Abọ́dúndé. Òun, aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kó lọ sí Kpoulou. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́ títí ó fi kú ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà. Nígbà tí àìsàn tó pa á dé ojú ẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ sẹ́bàá ẹní, ó bi í pé, “Ìmọ́lẹ̀, ṣé èmi ni?” Ọmọ ọdún márùndínlógún ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ nígbà náà. Kò rí èsì kankan fọ̀. Àìfèsì yẹn ni ó gbé dàgbà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùnírù ti alùpùpù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Adja-Ouèrè ni, ṣùgbọ́n Kútọnù ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, kò mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé mọ́. Ó ní alùpùpù náà ń wúkọ́, ó sì ń kú. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tú kábúrétọ̀ rẹ̀, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Omi lọ jókòó sísàlẹ̀, epo léfòó lórí rẹ̀. Ó ní kpayọ̀, ìyẹn epo fàyàwọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, tó lọ rà ni wọ́n ti bomi là fún un.

Mùnírù wo inú agolo náà, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òun fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nìyẹn: bí ọkọ̀ òfuurufú kékeré bá já níbikíbi, òun àti ọ̀gá òun ni wọ́n ń rán lọ wádìí ohun tó já a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ọ̀kan wà ní àríwá tí wọ́n di òwú kún ju agbára rẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà tí agbọ́n kọ́ ilé amọ̀ sínú ihò tóóró kan lára rẹ̀, ihò tí awakọ̀ fi ń mọ bí eré òun ṣe tó, tí awakọ̀ náà fi rò pé òun ń sáré tí kò sì sáré. Ẹnì kan gbàgbé láti ṣí ẹnu ọ̀nà epo. Ó ní ohun kékeré báyìí ló máa ń jẹ́, kì í ṣe ohun ńlá.

“Èyí tó já nítòsí wa níbí, ní Massè,” ó ní, “omi ni. Irú èyí gan-an.”

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í bóyá ó dá a lójú. Mùnírù ní ọ̀gá òun ló kọ ìwé rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé òun. Ó béèrè ta ni wọ́n mú ìwé náà fún. Mùnírù ní ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ náà sì kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́dún yẹn kan náà. Ẹnikẹ́ni kò ní kí àwọn mú un dé Massè.

“Ọdún mẹ́rìndínlógójì,” Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí. “Ẹ mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, bàbá. Ọmọ Ṣàngóbíyì ni mí.”

Mùnírù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú ìwé náà wá lọ́jọ́ kejì fúnra rẹ̀.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì yé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dáadáa, torí ó lọ sílé-ìwé díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ìwé náà ní àgbá epo márùn-ún ló wà lẹ́bàá ojú ọ̀nà náà. Mẹ́ta dùbúlẹ̀ lábẹ́ báàṣì, ìyẹn aṣọ títóbi tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù. Méjì tí wọ́n ń fa epo nínú wọn lọ́wọ́ dúró lóòró, ohunkóhun kò bò wọ́n. Omi òjò ti kún orí wọn. Bí oòrùn bá mú àgbá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú jáde. Bí ilẹ̀ bá tutù, àgbá á fà á padà, á sì fa omi orí rẹ̀ mọ́ ọn gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí. Ọjọ́ mẹ́ta ti tó fún un. Awakọ̀ náà sì yẹ kó kọ́kọ́ já epo díẹ̀ sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó wò ó bóyá omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré kí òjò tó dé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì sì kú, dípò kó máa bá iwájú lọ kó wá ibi bà sí, ó yí ọkọ̀ padà nígbà tí kò tíì ga tó.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló gun alùpùpù lọ sí Kpoulou, ó dúró níwájú sàréè bàbá rẹ̀, ó sì dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yin kọ́.” Ó rò pé òun yóò sunkún. Inú ló ń bí i.

Ó ní ojú gbogbo ará Massè ni wọn yóò ti kà á. Wàsíù, olórí abúlé Massè, kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, kí ó fi í sílẹ̀. Nígbà tó ní òun yóò gbé e lọ sí kọ́míṣáríà ọlọ́pàá, Wàsíù fún un ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Abẹ́ máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Wọn kò fún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ níjòkòó. Akínbáyọ̀ ọmọ Abọ́dúndé wà níwájú, ó ká apá mọ́ àyà. Òun náà ń kọ ọ̀pẹ bíi bàbá rẹ̀, òun ló sì ń jẹ oko Ṣàngóbíyì.

Mùnírù ka ìwé náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Nígbà tó parí, Akínbáyọ̀ ní òun gbọ́ pé omi ni. Ó bi í pé ibo ni omi náà ti wá. Mùnírù ní láti inú òjò ni.

“Ta ló ni òjò?” Akínbáyọ̀ wí. “Ẹni tí àrá ń jẹ́ fún, òjò ni kò ní í jẹ́ fún un?”

Àwọn ènìyàn ní òótọ́ ni. Mùnírù ní òjò máa ń rọ̀ lóṣù kẹfà ọdọọdún, ó rọ̀ lórí àgbá mẹ́ta yòókù náà, omi kò sì wọ̀ wọ́n. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kó padà sí Kútọnù. Ẹnì kejì ní bí bàbá ṣe já ọkọ̀ lulẹ̀ ni ọmọ ṣe fẹ́ da abúlé rú. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dúró títí ariwo náà fi rọlẹ̀. Ó ti mọ̀ pé wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ní, “Báàṣì méjì ni wọ́n kó wá, ó wà nínú ìwé. Ọ̀kan wà lórí àgbá mẹ́ta. Ibo ni ìkejì lọ? Ta ló ń ṣọ́ àwọn àgbá náà?”

Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Àkànmú ni, ó sì ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí yí lọ sọ́dọ̀ opó rẹ̀, Bàrákátù, ìyá arúgbó tó jókòó sétí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

“Orí àgbàdo mi ló wà. Mo ti sá a síta, òjò sì ń bọ̀. Èmi ni mo ní kí Àkànmú gbé e wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí àgbàdo mi.”

Wàsíù bi í ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

“Mo wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wó ilé Ṣàngóbíyì. Mo bá yín ru igi òrùlé. Bí mo bá là á lẹ́nu, ṣé ilé tiwa kọ́ lẹ bá wó?”

Akínbáyọ̀ dìde. Kò wo Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ rárá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ilé Bàrákátù, ilé amọ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ó mú ọkọ́ tó wà lára ògiri, ó sì gbé e sọ ògiri náà. Amọ̀ já sílẹ̀. Ó tún gbé e sọ ọ́. Ọkùnrin méjì dìde tẹ̀ lé e, àwọn yòókù ń wo Wàsíù, Wàsíù ń wo ilẹ̀. Bàrákátù kò kúrò lórí ẹní.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ mọ ìró yẹn. Ó gbọ́ ọ lọ́mọ ọdún méje, nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra lábẹ́ igi kajú, tó fi ọwọ́ bò ó lójú ṣùgbọ́n tí kò rántí etí. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì jẹ́ kó dùn. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ, ó dúró sáàárín ọkọ́ àti ògiri.

“Kúrò,” Akínbáyọ̀ wí. “Bàbá mi ló kú. O ti gba ohun tó o wá gbà.”

“Mi ò tíì gbà á. Bó o bá wó ilé yìí, a jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe wó tiwa dára, ilé ẹni tó tọ́ ni ẹ kàn ṣì. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìyá yìí ni mo fi dúró síbí, èmi ò ní ohunkóhun fún un.”

Ọkọ́ náà ṣì wà lókè. Akínbáyọ̀ tutọ́ sẹ́sẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ó ju ọkọ́ náà sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni Wàsíù rántí pé òun ni olórí abúlé, tó ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé kì í ṣe Ṣàngóbíyì ló pa Abọ́dúndé, Wàsíù sì tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀. Wọ́n ní kí Akínbáyọ̀ fi oko náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹnikẹ́ni kò ní kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ máà bínú, àfi Bàrákátù. Ó wá fúnra rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ní Adja-Ouèrè, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo ti rin. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fà á dìde, ó ní, “Ẹ máa lọ sílé, ìyá. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní ohun mìíràn fún yín.” Ó wá ẹni tó fi alùpùpù gbé e padà.

Akínbáyọ̀ fi oko náà sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó fa gbogbo ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ tu, àti èyí tó gbó àti èyí tí kò tíì ní iṣu kankan nídìí, ó sì fi ihò sílẹ̀ káàkiri. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń dí ihò. Àwọn ará Massè ń kọjá lọ sóko wọn, wọ́n ń wò ó, wọn kò sì kí i. Lọ́jọ́ kẹrin, Làtífátù ìyàwó Akínbáyọ̀ dé láti odò, ó sọ garawa orí rẹ̀ kalẹ̀ létí oko, ó mú ọkọ́ kejì tó wà nílẹ̀, ó dí ihò mẹ́ta, ó sì tún gbé garawa rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò dúpẹ́.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn Akínbáyọ̀ láti inú abúlé, ó ń bú ìyàwó rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dúró, ó tẹ́tí sí i títí ohùn náà fi dákẹ́, lẹ́yìn náà ó lọ sídìí ihò tó kàn.