Àga Tó Ń Fẹ̀yìn Ti Ògiri

Àga mẹ́ta ni bàámi ti jókòó fọ́ láyé wọn. Tí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ iwájú àga sókè, wọ́n á wá máa mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Màámi á ní, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, àbí?" Wọn ò ní í dáhùn.

Èmi ọmọ wọn wá di ẹni tó ń ya àwòrán àga jẹun. Ilé ìtajà ńlá kan ní kí n tún àga àtijọ́ kan ṣe lọ́nà tuntun, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Nọ́díìkì, lápá àríwá Yúróòpù, gbé jáde ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Àmọ́ ìwé tó bá a wá kìlọ̀ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè. Ẹ̀rín pa mí. Ta ló lọ fẹjọ́ bàámi sùn wọ́n?

Nínú tèmi tí mo ṣe, mo na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sẹ́yìn, mo gé àtẹ́lẹ̀ wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè tẹlẹ̀ dáadáa bí èèyàn bá fẹ̀yìn tì. Bàámi fi oṣù mẹ́ta gbáko mì lórí rẹ̀. Kò ké, kò sì yẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀gá ilé ìtajà yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ló ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Tí mo bá gé ibi tó yọ sẹ́yìn yẹn kúrò, igba irú àga náà ni wọ́n máa ṣe, orúkọ mi á sì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá irú iṣẹ́ yìí.

"Ẹ ṣáà sọ fáwọn èèyàn kí wọ́n jókòó dáadáa," ló wí.

Inú bí mi. "Ọ̀gá, àwọn èèyàn ti ń jókòó kí àga tó dé. Àga ni kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó."

Ó ní kí n gé e, àbí kí n máa gbé e lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gbé e.

Mo bọ́ síta. Mi ò ní í purọ́, ó ṣe mí bíi kí n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé àga náà ti ògiri ilé ìtajà wọn gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó, mo fẹ̀yìn tì, mo gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè.

Ọ̀gá yọjú síta. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo máa dìde.

Mi ò dáhùn. Mo ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.