Ohùn Màmá Nínú Káàdì

...nítorí náà mo yọ káàdì náà, mo fi etí ìró mi nù ún, mo fẹ́ ẹ bí ẹni fẹ́ iná, mo tún tì í bọ inú fóònù. Fóònù ní kò sí káàdì kankan nínú òun.

Irọ́ ni. Mo ń wò ó.

4.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ KÁÀDÌ NÁÀ
Àwòrán Yísà ọmọ mi lórí póò: mẹ́rìnlá
Orin wákà: ààbọ̀
Ohùn olóògbé ìyá ọkọ mi, níbi tí wọ́n ti sọ pé mo mọ ẹja yan: ẹyọ kan ṣoṣo

5.

Lọ́jọ́ Àìkú ni àdúrà ogójì ọjọ́ Màmá n'Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ náà la óò mọ ẹni tí yóò jogún ààrò ẹja wọn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Eyínfúnjowó, ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ bí èmi ò ní í fọwọ́ kàn án. Ó ní Màmá ò yìn mí rí. Ó dùn mí wọra.

6.

(Èyí kò ṣí.)

7.

Ìdíkọ̀ Agric. Ṣọ́ọ̀bù Lukman tó ń tún fóònù ṣe.

LUKMAN: Àǹtí Ṣùkúrá, ìró lẹ fi nù ún?
ÈMI: Ìró tó mọ́ ni.
LUKMAN: Káàdì ti kú. Àmọ́ ẹ̀dà tí mo ṣe nígbà Iléyá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Mò ń dá gbogbo ẹ̀ padà.
ÈMI: Aláàánú!
LUKMAN: Kọ̀ǹpútà ní orúkọ kan náà ti pọ̀ jù lórí fóònù yín, ṣé kóun sọ ọ́ di ẹyọ kan. Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni.
ÈMI: Orúkọ wo?
LUKMAN: "Ọkọ Mi." Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mi ò bi yín léèrè nǹkan kan o.

8.

ÀLÀYÉ FÚN LUKMAN, TÍ KÒ TÍÌ GBÉYÀWÓ

Ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ ilé ọkọ. Akọ wọn, abo wọn, ọkọ mi ni gbogbo wọn. Òpin nọ́ńbà ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

9.

"Ìyàwó yìí..."

Ohùn Màmá! Ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ìyókù mọ́lẹ̀. Mi ò dúró gbọ́ ọ. Mo fò sókè.

10.

SÍ: Ọkọ Mi
Baba Yísà, ohùn Màmá ti jáde o! Ẹ sọ fún àbúrò yín ẹlẹ́nu ṣóńṣó kó wá ibi fojú sí lọ́jọ́ Àìkú.

11.

LÁTI Ọ̀DỌ̀: Ọkọ Mi
Èmi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni mo gbà á.

12.

Mo gbé.

14.

LÁTI Ọ̀DỌ̀: Ọkọ Mi
Ìyàwó, ibo lo wà? Má tẹ nǹkan kan lórí fóònù yẹn mọ́. Mo ti wà lórí ọ̀kadà. Mi ò tíì gbọ́ ohùn màmá mi látọjọ́ tí wọ́n ti lọ.

15.

Èmi àti Eyínfúnjowó jókòó lórí bẹ́ǹṣì Lukman. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀.

MÀMÁ: Ìyàwó yìí... (ikọ́) (ẹ̀rín)

Ó tán.

LUKMAN: Ibi tí ẹ̀dà náà dé nìyẹn.
ÈMI: Wọ́n sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, wọ́n sọ ọ́.

Àbí èmi ni mo ń bá wọn parí ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?

Eyínfúnjowó ò wò mí. Omijé ti dé ẹnu ṣóńṣó náà.

EYÍNFÚNJOWÓ: Tún un tẹ̀.

16.

Ìgbà kọkànlá rèé.

MÀMÁ: Ìyàwó yìí...